Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: Ṣọ̀wọ́n

Àwọn ọmọ wa tó ń kó káàdì Pokémon jọ ní Accra máa ń sọ pé káàdì kan "ṣọ̀wọ́n," nígbà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ ló ga. "Ṣe" àti "ọ̀wọ́n" ló di "ṣọ̀wọ́n": kí nǹkan má wọ́pọ̀, kó nira láti rí. "Káàdì èdè Japan ṣọ̀wọ́n ní ọjà Makola."

Ọ̀rọ̀ owó ni "wọ́n" sábà máa ń sọ: tòmátì lè kún apẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kó wọ́n. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ káàdì Pokémon: àmì róbótó wà fún èyí tó wọ́pọ̀, ìràwọ̀ fún èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n oníràwọ̀ tí àwọn eléré ìdíje kò wá lè jẹ́ owó pọ́ọ́kú: ó ṣọ̀wọ́n, kò wọ́n.