Ọkọ̀ Inú Àwòrán

Àlejò tí ó bá gbọ́ ìtàn Ìyákẹ́, adágún orí òkè Adó-Àwáyè, lè gun òkè náà kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn olówò rí.

Ní 1919 ni Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà, dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ òkun Black Star Line sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Dọ́là 5 ni ìpín kan, kí tálákà lè rí i rà. Ìtàn ni ó fi ń tà á: pé adúláwọ̀ yóò fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣòwò dé Áfíríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dáwó; ní 1920, ẹ̀ka ẹgbẹ́ Garvey ti dé Èkó.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n rà ti gbó, àtúnṣe sì jẹ owó tán. Wọ́n wá tẹ àwòrán ọkọ̀ tí kò tíì di tiwọn sínú ìwé ìpolówó. Ní 1922 òwò náà dá dúró. Ní 1923 ilé ẹjọ́ rán Garvey lẹ́wọ̀n ọdún 5.

Àwòrán ni ó ba ọ̀ràn jẹ́, kì í ṣe ìtàn. Ní 1957, Ghana fi orúkọ Black Star Line sọ ẹgbẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá owó wa, kí ó pìtàn. Kí ó sì mú wa dé èbúté.