Ìtàn RSS, Ìránṣẹ́ Arìnkiri Orí Ayélujára

Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìlú sọ, akéde ni yóò mú agogo, tí yóò máa lù ú kiri àdúgbò títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi wọ etí onílé àti àlejò. Ẹni tí ó bá wá wí pé akéde orí ayélujára ni fíìdì tí a ń pè ní RSS kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò tíì débẹ̀. Nítorí akéde kì í dúró sójú kan, fíìdì kì í sì í kúrò lójú kan. Fáìlì kan ṣoṣo ni, tí oníkànnì gbé kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó kọ àkọlé ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àlàyé ráńpẹ́, àti àdírẹ́sì ibi tí a ó ti rí odindi rẹ̀ kà. Àwa òǹkàwé ni a ní ìránṣẹ́, èyíinì ni ètò ìkàfíìdì orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù wa, tí yóò máa yà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lóòrèkóòrè láti béèrè pé, "Kí ni ó tún dé lẹ́yìn tí mo lọ?" Bí kò bá sí nǹkan, yóò bá tirẹ̀ lọ, bí ó bá wà, yóò gbé e wálé. Oníkànnì kò mọ orúkọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, kò sì béèrè.

Àwọn kan ti kọ́kọ́ dán ti akéde wò. Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ PointCast ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tí ń da ìròyìn bo ojú kọ̀ǹpútà nígbàkúùgbà tí ẹni tí ó ni ín bá fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ń gbé gba orí wáyà ọ́fíìsì kọjá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi lé e jáde, bí ẹni lé àlejò tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1999 ni Ramanathan Guha àti Dan Libby gbé RSS àkọ́kọ́ jáde ní ilé-iṣẹ́ Netscape, kí oníkànnì yòówù tí ó fẹ́ kí àkọlé ìròyìn òun hàn lórí ojúde My Netscape lè mọ bí yóò ti tò ó sílẹ̀. Ní Oṣù Keje, Libby gé e kúrú kí ó lè rọrùn, ó sì mú nínú ohun tí Dave Winer ti ilé-iṣẹ́ UserLand ti ń lò láti ọdún 1997 mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ AOL ti ra Netscape, ọ̀rọ̀ RSS kò sì jẹ olówó tuntun lógún. Nígbà tí yóò fi di 2001, RSS ti di ọmọ òrukàn tí olúkúlùkù ará àdúgbò fẹ́ máa pè ní ọmọ tirẹ̀.

Ìjà ogún kò tilẹ̀ dúró de ọdún náà. Ní Oṣù Kejìlá 2000, ẹgbẹ́ kan gbé RSS 1.0 jáde, èyí tí ó kún fún ètò ìjìnlẹ̀ tí Libby ti gé kúrò. Aaron Swartz, ọmọ ọdún 14, wà láàárín wọn, nítorí ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Nínú oṣù kan náà ni Winer gbé RSS 0.92 tirẹ̀ jáde, tí ó fara mọ́ ìrọ̀rùn. Àìrìnpọ̀ ejò ní í jẹ ejò níyà. Ilé ni àwa ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ yìí pàápàá kò dúró sójú kan: lẹ́ẹ̀kínní, R inú rẹ̀ jẹ́ RDF, orúkọ ètò ìjìnlẹ̀ tí Libby gé kúrò, lẹ́ẹ̀kejì, ó di ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ọlọ́ràá, nígbà tí Winer sì gbé RSS 2.0 jáde ní Oṣù Kẹsàn-án 2002, gbogbo rẹ̀ di "ìpínkiri tí ó rọrùn gidi." Ó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé Yunifásítì Harvard lọ́wọ́ ní 2003, bóyá ìjà lè rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀. Àwọn mìíràn la ọ̀nà tiwọn, wọ́n pè é ní Atom, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní Oṣù Kejìlá 2005. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìránṣẹ́ gbọ́ èdè méjèèjì, ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò sì mọ̀ rárá pé àwọn àgbà ń jà.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà ni Google, ajanakú tí í mi igbó kìjikìji, ti gbé ìránṣẹ́ tirẹ̀, Google Reader, kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn ènìyàn sì wọ́ tọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Keje 2013, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, a sì ń wí pé RSS kú. Èmi kò gbà. Ìránṣẹ́ kan ni ó kú, ẹnu ọ̀nà kò kú: ẹni tí ó bá ní àkọsílẹ̀ àwọn fíìdì tí ó ń kà lọ́wọ́, ó ti kó o fún ìránṣẹ́ mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn tí wọ́n kéde ìtìpa náà, ó lé ní 500,000 ènìyàn tí ó ya lọ bá ìránṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ Feedly.

Ibi tí RSS sì fara sin sí jù lọ ni etí wa. Nínú 0.92 tí ó fa ìjà yẹn ni Winer ti fi àyè kékeré kan sí, tí àkọlé fi lè gbé ohùn dání bí ẹni di obì mọ́ lẹ́tà. Orin ẹgbẹ́ Grateful Dead ni ó fi dán an wò ní Oṣù Kìíní 2001. Inú àyè náà ni pọ́díkáàsì gbà wáyé. Ẹni tí ó jókòó nínú dánfó ní Ọ̀jọ́ta tàbí nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, tí ó fi nǹkan sétí, tí ó ń gbọ́ ètò Yorùbá tí ó jáde ní òwúrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má gbọ́ orúkọ RSS rí. Bẹ́ẹ̀ kí ó tó jí ni ìránṣẹ́ ti lọ yà lẹ́nu ọ̀nà náà fún un.