Jimmy Smith: góòlù 66 ní Ayr

Ní Liverpool, kò sí ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tí kò mọ Dixie Dean. Góòlù 60 ló jù sáwọ̀n fún Everton nínú ìdíje líìgì 39 ní sáà 1927 sí 1928, orúkọ rẹ̀ ò sì tíì parẹ́ títí dòní. Bẹ́ẹ̀, ní sáà yẹn kan náà, ní Ayr tó wà létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, atamátàsé kan tó ń jẹ́ Jimmy Smith ju 66 sáwọ̀n fún Ayr United nínú ìdíje 38. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó ju iye yẹn nínú sáà líìgì kan ní Bìrìtéènì.

Ìpele kejì ni Smith ti gbá tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Kí a kọ́kọ́ sọ ti òfin ọfusáìdì, torí àwọn kan ní ìyípadà rẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Kó tó di 1925, bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù sí atamátàsé, alátakò mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti ilé, aṣọ́lé sì wà nínú mẹ́ta náà. Ìyẹn ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn bá ti sáré síwájú lásìkò, ó parí: rẹfirí á fun fèrè. Bill McCracken ti Newcastle mọ ọgbọ́n yìí lò débi pé ó ń sú àwọn òǹwòran. Àjọ bọ́ọ̀lù Scotland ló dábàá pé kí mẹ́ta di méjì. Wọ́n gbà á, lọ́dún kan péré góòlù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gòkè láti 4,700 sí 6,373.

Ọdún 1925 yẹn náà ni Ayr já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa padà sókè, góòlù 117 ni wọ́n jù, Smith nìkan ló sì ni ju ìlàjì lọ. Ẹni tó bá ní òfin tuntun ló bá a gbá a, kó rántí pé òfin yẹn kan náà ni gbogbo atamátàsé Scotland ń lò.

Síbẹ̀, wọn ò pè é sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1928, Scotland na ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì 5-1 ní Wembley. Hughie Gallacher ló wà láàárín iwájú. Kò ju ọ̀kankan sáwọ̀n lọ́jọ́ náà, àmọ́ ta ló máa yọ Gallacher nítorí ọmọ ìpele kejì? Dean náà wà lórí pápá, ó wọ aṣọ àwọn tí wọ́n nà.

Ní 1929, Liverpool ra Smith. Góòlù líìgì 23 ló jù ní sáà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní ìpele kìíní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pẹ́ tí Everton tó jẹ́ ará ìlú wọn já wálẹ̀. Dean bá wọn lọ sí ìpele kejì, ó ju 39 nínú ìdíje 37. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn kan ń pè ní ibi ìrọ̀rùn, 66 jìnnà sí Dean gan-an níbẹ̀.

Lẹ́yìn Liverpool, Smith gbá fún Bristol Rovers, Newport County àti Notts County, kó tó padà sílé lọ́dọ̀ Dumbarton.