Ìkòyí Tú, Orúkọ Ò Tú

Tí mo bá pe Ìkòyí báyìí, mo mọ ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú yín máa lọ: Èkó, ilé àwọn olówó, afárá tó lọ sí Lẹ́kí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Ìkòyí-Ilé là ń sọ, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbéèrè wa ni pé, báwo ni ìlú ṣe máa tú, tí àwọn tí wọ́n bí sílẹ̀ ibòmíràn á ṣì máa jẹ́ ọmọ ibẹ̀? Ibi ìsọmọlórúkọ ni ìdáhùn wà.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì ń jẹ́ Ọ̀yọ́, Oníkòyí ni olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì. Ìlú ológun ni Ìkòyí. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń pe àwọn jagunjagun tí Aláàfin gbójú lé. Àádọ́rin ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni kí ọfà bá Ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn. Iwájú ni ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Títí dòní, Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń ki ọmọ Oníkòyí.

Lápá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Oníkòyí Adégún wà lára àwọn tó bá Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Awólẹ̀. Ọ̀tẹ̀ yẹn bí ogun, ogun náà sì bí òmíràn. Nígbà tí yóò fi di 1840, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ìkòyí náà tú. Àwọn èèyàn rẹ̀ fọ́n ká, wọ́n wọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wọ Ìbàdàn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù.

Ẹni tó ń sá fún ogun ò lè ru ilé, kò sì lè ru oko. Ohun tó wà lẹ́nu nìkan ni kò wúwo.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, àmọ́ 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì tó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin. Wọ́n á da omi sórí òrùlé, wọ́n á gbé ọmọ sábẹ́ rẹ̀ kí omi kán sí i lára. Bí ọmọ bá ti figbe ta, ẹbí á hó fún ayọ̀.

Orúkọ àmútọ̀runwá wà, bíi Táíwò àti Àìná. Àbísọ wà, bí Ayọ̀délé. Oríkì náà wà: Àkànní, Àlàó, Àbẹ̀kẹ́. Oríkì yìí ló ń fa oríkì orílẹ̀ wọlé. Tí ìyá àgbà bá ti pe Àkànní tán, kò ní dákẹ́ síbẹ̀. Á sọ ilé tí Àkànní ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tí kò tíì rí Ìkòyí rí, á ti gbọ́ pé ọmọ Ẹ̀ṣọ́ ni òun kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn.

Ní Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù máa ń sọ orúkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí ọmọ. Ọjọ́ kọkànlá tàbí ìkejìlá ló wọ́pọ̀. Ní tiwa, gbangba ni. Gbogbo agboolé gbọ́dọ̀ gbọ́, torí àwọn ni yóò rántí.

Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ni ti gbogbo ọmọ, yálà pásítọ̀ ló ń ṣe é tàbí ààfáà. Orúkọ lè tó méjìlá, fídíò á sì ti dé orí WhatsApp kí ìrẹsì tó jinná. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bèèrè oríkì, ẹ ó rí i tí olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí gba Ayọ̀délé. Kò sí àyè fún Ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ pe ìyá àgbà lónìí, ẹ ní kí wọ́n kì yín, kí ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ogun ò pa oríkì Ìkòyí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé àìbéèrè wa ló máa pa á.