Ìbò tó gba ọwọ́ aṣojú kọjá: láti Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́ dé Amẹ́ríkà

Ní oṣù kìíní ọdún 1952, Adélékè Adédoyin, ọmọ Akárìgbò William Christopher Adédoyin ti Ṣàgámù, kọ̀ láti yẹ̀ fún Nnamdi Azikiwe, ọ̀gá rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC. Aṣòfin márùn-ún ni Èkó rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC sì ni gbogbo wọn: Nnamdi Azikiwe, Adédoyin, Dókítà Ọlọ́run-Nimbẹ, T.O.S. Benson àti H.P. Adébọ́lá. Méjì péré nínú wọn ló lè tẹ̀ síwájú lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin àpapọ̀. Àwọn aṣòfin tó jókòó sí Ìbàdàn ni yóò sì yan àwọn méjì ọ̀hún, kì í ṣe ará Èkó.

Ẹgbẹ́ fẹ́ kí Azikiwe wà nínú àwọn tó ń lọ. Benson àti Adébọ́lá yẹ̀ fún un. Adédoyin àti Ọlọ́run-Nimbẹ ní àwọn ò ní yẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì àti Azikiwe ló jọ wọkọ̀ lọ sí London ní 1947 láti lọ bá ìjọba amúnisìn fà á. Ẹgbẹ́ Action Group tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ń darí ló pọ̀ jù nínú Ilé. Wọ́n rí àyè, wọ́n sì lò ó: àwọn méjì tó kọ̀ náà ni wọ́n dìbò fún. Azikiwe, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, kò dé Ilé àpapọ̀. Kò pẹ́ tó fi padà sí Ìlà-Oòrùn, níbi tó ti di olórí ìjọba ní 1954.

Òfin Macpherson ti 1951 ló gbé ètò yìí kalẹ̀. Ní ìgbèríko, àwọn tó ń san owó orí máa ń yan aṣojú ní abúlé àti àdúgbò. Àwọn aṣojú wọ̀nyí á wá pàdé láti yan ẹni tí yóò ṣojú ẹkùn wọn. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ gbà ṣojú Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ní Ìbàdàn. Ètò náà ò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ Akárìgbò: ìdílé tí oyè kàn á fa ọmọ kalẹ̀, àwọn afọbajẹ á sì mú ọ̀kan. Àmọ́ ó ní àlébù kan tí àríyànjiyàn rẹ̀ ò tíì tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n yàn ni kò gbé orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́rùn ní gbangba, nítorí náà títí dòní ni àwọn òpìtàn ń jà lórí ta ló fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Nínú àwọn mẹ́fà tó wọlé láti Ìbàdàn lábẹ́ ẹgbẹ́ IPP, márùn-ún ló bá Action Group lọ. Adégòkè Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC.

Amẹ́ríkà náà gbé irú ètò yìí kalẹ̀ láti fi yan ààrẹ ní 1787, nígbà tí àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ wọn pàdé ní Philadelphia. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye olùyàn tó bá iye aṣojú àti sẹ́nétọ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n tún ka ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún àwọn ẹrú mọ́ èèyàn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù, bẹ́ẹ̀ ẹrú ò gbọdọ̀ dìbò. Ìyẹn ló fún àwọn olówó ẹrú ní agbára tí kò tọ́ sí wọn. Lónìí, olùyàn 538 ló wà, ẹni tó bá ní 270 ló wọlé. Yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska, ẹni tó bá ṣáájú ní ìpínlẹ̀ kan ló ń kó gbogbo olùyàn ibẹ̀, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi ṣáájú. Àwọn olùyàn á dìbò ní oṣù kejìlá, Kọ́ńgíréèsì á kà á ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ nígbà mìíràn ni pé Al Gore ní 2000 àti Hillary Clinton ní 2016 rí ìbò ará ìlú ju ẹni tó wọlé lọ.

Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1979.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún náà, nínú ìbò ààrẹ, Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ti ẹgbẹ́ UPN ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin ní olúborí gbọ́dọ̀ tún rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Shagari rí i ní 12. Ní Kánò, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní. Bí kò bá sẹ́ni tó kúnjú òṣùwọ̀n, àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ gbogbo ni yóò di ìgbìmọ̀ tí yóò yan ààrẹ.

Richard Akínjídé, agbẹjọ́rò NPN, ní kò ní dé ibẹ̀ yẹn. Ó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 kì í ṣe 13, ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan ni. Wọ́n mú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò, 813,842 nínú 1,220,763, wọ́n sì wo ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀: ó jẹ́ 203,460. Shagari ní 243,423. Apá ibo ní Kánò ni wọ́n yọ kúrò, kò sẹ́ni tó fi hàn lórí máàpù. Àjọ elétò ìdìbò, FEDECO, kéde Shagari ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ. Awólọ́wọ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lábẹ́ Atanda Fatayi-Williams da ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ ta kò wọ́n gbangba.

Ìṣirò Akínjídé mú ọ̀pọ̀ èèyàn bínú ní Rẹ́mọ, ìbínú wọn sì nídìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ: ìbò Shagari fi 772,206 ju ti Awólọ́wọ̀ lọ. Ká ní ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó, tí UPN sì rí àwọn ẹgbẹ́ yòókù kó mọ́ra, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré ni ì bá di ààrẹ, nípasẹ̀ irú ọ̀nà tí wọ́n fi dá Azikiwe dúró ní 1952.

Òfin ìpìlẹ̀ 1999 kò fún irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè. Bí ẹnikẹ́ni ò bá kúnjú òṣùwọ̀n, ará ìlú fúnra wọn ni yóò tún dìbò. Ìpínlẹ̀ ti di 36, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 gééré. Àríyànjiyàn ti wá ṣí lọ sí Abújá: lẹ́yìn ìbò 2023, àwọn alátakò Bọ́lá Tinubu ní kò rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní olú ìlú, wọ́n sì gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tó da ẹjọ́ wọn nù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà.