Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán: Ohun tí Òǹwòran Rí àti Ohun tí Wọ́n Fi Pamọ́ fún Un

Ní ọdún 1981, Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí I Show Pepper, kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ wọ pápá ìṣeré Olúbàdàn ní Ìbàdàn láti ṣe Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970. Iye tí wọ́n máa ń dá fún èrò ọjọ́ náà ni 14,000. Láàárín àkókò yìí kan náà ni eré ọ̀hún di fíìmù, tí Bánkọ́lé Bello sì darí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni awuyewuye ti wà láàárín àwọn tó wò ó: ṣé ẹjọ́ tí wọ́n dá fún Ìyálóde Ìbàdàn yìí tọ́?

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ni kò rí ohun tó kù fún àríyànjiyàn níbẹ̀. Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán kò bímọ, ó sì ṣòfin pé ẹrúbìnrin tó bá lóyún nínú ilé òun, ikú ni. Adétutù lóyún, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò tún dúró gbọ́ àwíjàre lẹ́nu Ìyálóde? Nígbà tí Látòósà àti àwọn ìjòyè borí rẹ̀, tí ó sì gbé májèlé jẹ nígbẹ̀yìn, ńṣe ni ọkàn òǹwòran balẹ̀. Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá, tó ṣe Ìyálóde, ṣe é débi pé orúkọ Ẹfúnṣetán mọ́ ọn lára bí ẹni pé òun ni wọ́n bí bẹ́ẹ̀. Òṣèré tí òǹwòran bá kórìíra báyìí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú.

Síbẹ̀, ojú mìíràn ni àwọn onímọ̀ ìtàn, àti àwọn obìnrin tó ń ṣe lámèyítọ́ lítíréṣọ̀, fi wò ó. Ẹni tó bá lọ wo ìtàn ẹjọ́ ń retí kí olùjẹ́jọ́ rí àyè fọhùn, kí ẹlẹ́rìí tako ẹlẹ́rìí, kí ọkàn òun náà máa ṣe iyè méjì títí ìdájọ́ yóò fi jáde. Nínú Ẹfúnṣetán, ìdájọ́ ti parí kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ibi tí eré náà ti já àwọn wọ̀nyí kulẹ̀ gan-an nìyẹn, bí ó ti wù kí ìjà inú rẹ̀ gbóná tó.

Àkọsílẹ̀ ìtàn sì wà tí a lè fi wé e. Samuel Johnson, tó gbé Ìbàdàn ní àkókò náà, to ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kan Ìyálóde nígbà tó ti ogun dé ní 1874 lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀sùn kìn-ín-ní ni pé kò bá òun lọ sógun. Èkejì ni pé kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun. Ẹ̀kẹta ni pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ aboyún kankan níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú rárá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi Ọ̀tún rẹ̀ rọ́pò.

Bọ́láńlé Awẹ́, nínú ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, jẹ́ kí a rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀sùn wọ̀nyí. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán. Ó ń ta tábà, ó ń ta kíjìpá, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn jagunjagun láwìn. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn àwọn olóyè, ogun kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí Ìyálóde kọ̀ láti tún kó ọjà àwìn sílẹ̀, tí ó sì ń tako bí Látòósà ṣe ń ṣe ìlú, ọ̀tá ni ó di lójú Ààrẹ. Ohun tí eré sọ di ọ̀rọ̀ àgàn tí inú ń bí, ọ̀rọ̀ owó àti agbára ni. Ó tilẹ̀ bímọ: ọmọbìnrin kan ṣoṣo, tó kú nígbà ìrọbí ní 1860.

Èyí kò sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Johnson fi ẹrú tó wà ní oko rẹ̀ nìkan sí nǹkan bí 2,000, ìtàn àtẹnudẹ́nu náà kò sì gbàgbé ìkà tó ń ṣe sí aboyún lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Látòósà tó dá a lẹ́jọ́ ní ẹrú, gbogbo ìjòyè Ìbàdàn ló ní ẹrú, ẹrú sì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ lọ sógun. Eré tó bá sọ Ààrẹ di ẹni tó wá tú ẹrú sílẹ̀ ti fi agbádá ẹlòmíràn wọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé eré ní ẹ̀tọ́ láti yí ìtàn padà, Ìṣọ̀lá kò sì ṣe ju ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ń ṣe lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, títí kan àwọn tó ń gba Bẹẹrẹ àti ẹsẹ̀ òkè Mápó kọjá lójoojúmọ́, inú eré yìí nìkan ni wọ́n ti pàdé Ẹfúnṣetán, wọ́n sì gbà á bí ìtàn pọ́ńbélé. Ìṣọ̀lá fúnra rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ obìnrin alágbára ní 1983, nínú Olú Ọmọ, tó dá lórí Ẹfúnróyè Tinúubú. Ọwọ́ tó fi mú ti Tinúubú rọ̀ ju èyí lọ.

Kàyéfì ibẹ̀ ni pé ìgbẹ́jọ́ gidi wà nínú ìtàn náà, tí eré kò sì lò ó. Ẹfúnṣetán kò jẹ májèlé. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1874, ẹrú méjì já bọ́ láti òkè àjà yàrá rẹ̀, wọ́n sì lù ú lórí pa. Kúmúyìlọ, ọmọ tó gbà tọ́, ló wà nídìí rẹ̀, Johnson sì kọ ọ́ pé Látòósà ló fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ mú un. Ìlú kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀. Wọ́n ní kí a wádìí ẹni tó pa Ìyálóde. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì pa ẹrú méjèèjì ní gbangba. Látòósà wà lórí oyè títí di 1885, tó kú sójú ogun Kírìjì.