Manga fún Akọ́bẹ̀rẹ̀: Ìtàn Gen Ọmọ Hiroshima

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka manga, ìyẹn ìwé ìtàn alápàwòrán ti ilẹ̀ Jàpáànù, ìdààmú ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ìwé náà pọ̀ bí iyanrìn etí òkun. One Piece nìkan, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ti kọjá ọgọ́rùn-ún apá. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni a sì ń kà á. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà á rí àwọn ọmọ olójú rògòdò lára èèpo ìwé, wọn á ní ti ọmọdé ni, wọn á sì dá a padà. Èrò tèmi ni pé kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má kọ́kọ́ béèrè èyí tó lókìkí jù. Kí ó béèrè ohun tó bí manga.

Orúkọ náà ti pẹ́: ní 1814 ni Hokusai, ògbóǹtarìgì ayàwòrán, ti fi pe ìwé àwòrán rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni èyí tí à ń kà lónìí gbilẹ̀. Ebi ń pa ará ìlú, ìwé olówó pọ́ọ́kú sì wà lára ìgbádùn díẹ̀ tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ní 1947, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan, Osamu Tezuka, ya Shin Takarajima bí ẹni ń ṣe sinimá, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sì tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, ìwé Keiji Nakazawa ni n ó kọ́kọ́ fi lé akọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́: Hadashi no Gen, Gen Aláìníbàtà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Nakazawa ní Hiroshima nígbà tí bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹjọ, 1945. Ògiri ilé ẹ̀kọ́ ló gbà á là. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní 1966, tí wọ́n sun òkú rẹ̀, Nakazawa wá egungun tí àṣà wọn ní kí ọmọ ṣà jọ. Eérú ló bá. Ìbínú ọjọ́ náà ló sún un dé ìdí ìtàn bọ́ǹbù. Ní 1973 ni Gen bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn ọmọkùnrin, ó sì di apá mẹ́wàá.

Kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ni ìwé náà bá wí. Bàbá Gen kórìíra ogun, àwọn aládùúgbò sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ará Kòríà kan, ẹni tí àwọn yòókù ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ló dúró tì wọ́n. Ọba Jàpáànù pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Bóyá ìdí nìyí tí ara àwọn kan kò fi gbà á. Ní 2012, àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìlú Matsue ní kí ilé ẹ̀kọ́ kó o kúrò níbi tí ọmọ ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Ariwo ta, wọ́n sì yí i padà ní 2013. Ní 2023, Hiroshima gan-an yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ àlàáfíà rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ le lóòótọ́, awọ ara tó ń ṣí sílẹ̀ wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ jókòó ti ọmọ kékeré kà á, ó yé mi. Kí a tì í mọ́ àpótí, n kò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá parí Gen lè lọ sọ́dọ̀ Shigeru Mizuki. Ogun yẹn náà gba apá òsì rẹ̀ ní Rabaul. Ọwọ́ kan tó kù ló fi ya ìtàn àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1973.